Bí Iná Bá Lọ, Níbo ni Omi Ẹja Yóò Gbà?

Omi kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Ìlàjẹ. Láti Ìgbókòdá títí dé Ayétòrò, tí Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, omi ni ọ̀nà, omi ni oúnjẹ, omi kan náà ni ó sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n omi tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé nítorí ẹja ọ̀ṣọ́ ní ewu tirẹ̀.

Àpótí méjì ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja ń lò. Ẹja wà nínú ti òkè. Ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sump, ni asẹ́ àti páǹpù wà. Omi ń ṣàn wá sísàlẹ̀, páǹpù a sì dá a padà. Nítorí ariwo rẹ̀, yàrá ẹ̀yìn tí à ń kó ẹrù sí ni ó yẹ ẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ ro bí ó ṣe wúwo tó. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Àpótí tí ó gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní 50, tí ó sì ga ní 50, gba 250 lítà: àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún nìyẹn, láì ka gíláàsì. Nínú ilé pákó orí omi, ẹ má gbé e sí àárín yàrá. Ẹ̀bá ògiri, lórí òpó, ni kí ó wà, lẹ́yìn tí káfíńtà bá ti yẹ òpó àti pákó wò.

Nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, páǹpù yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n omi òkè yóò ṣì máa sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 péré lọ sílẹ̀, lítà 25, odindi kẹ́ẹ̀gì kan, ti dé ìsàlẹ̀. Bí sump bá ti kún tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Nítorí náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa páǹpù, kí ẹ wò ó títí omi yóò fi dúró. Bí ó bá fẹ́ kún àkúnya, ẹ bu díẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ tan páǹpù, ẹ fa ìlà sára sump níbi tí omi dé, ẹ má sì bu omi kọjá ìlà yẹn láé.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ, kí ó sì ga ju ibi tí omíyalé ti dé rí nínú ilé yín. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tí ó bá tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀. Ẹ yọ wáyà kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ irin, nítorí náà ẹ máa yẹ ẹnu wáyà wò lóòrèkóòrè.

Ní ìparí, ẹ fi ìdérí tí ó le bo sump, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Ọmọ tí ó mọ odò í wẹ̀ kò tíì mọ ewu iná tí ó wà nínú omi.