Bí A Ṣe Ń Fi Iná Ṣe Ọnà sí Ara Awọ Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n àǹfààní wà nínú rẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Àgbádárìgì níbí, afẹ́fẹ́ òkun àti ti ọ̀sà kì í jẹ́ kí ìwé ó pẹ́. Bébà á rọ̀, èèpo ìwé á wú, èbu á sì bò ó. Ìyàwó mi ni ó ń kọ owó àjọ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àsàlátù wa, inú ìwé ètò-ọjọ́ rẹ̀ ni ó sì ń kọ ọ́ sí. Ní ọdún tó kọjá, èèpo ìwé náà já, ewé méjì sì sọnù. Ìyá kan ní òun ti dá owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A wá orúkọ rẹ̀ títí, a kò rí i. Ìyàwó mi sunkún, ó sì san owó náà láti inú àpò ara rẹ̀ kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Ọlọ́run ti pa á láṣẹ fún wa nínú Súrátù Bákárà, áyà 282, pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Èmi wá rò ó pé, ohun tí a kọ sílẹ̀, ó yẹ kí á dáàbò bò ó. Mo pinnu láti fi awọ ṣe èèpo fún ìwé náà, kí n sì fi irin gbígbóná ṣe ọnà sí i lára, nítorí ọ̀dà a máa bó, ṣùgbọ́n àpá iná kì í ṣí.

Àṣìṣe mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Mo ra awọ dúdú kan tó ń dán lọ́jà, mo jókòó nínú yàrá, mo ti fèrèsé nítorí òjò, mo sì fi irin kàn án. Kò jó bí awọ. Ńṣe ni ó yọ́ bí ọ̀rá, èéfín rẹ̀ sì ta wá nímú. Ọmọbìnrin mi tó ní ásímà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò lè mí délẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni a sùn mọ́jú. Àlùhámúdùlíláì, ara rẹ̀ yá. Ohun tí mo rà kì í ṣe awọ rárá, rọ́bà tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ ni.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àjèjì ni iṣẹ́ yìí. Àwọn Fúlàní ti ń fi irin gbígbóná ya ọnà sára igbá láti ayébáyé. Àwọn àáfà wa àtijọ́ ń kó ewé Àlùkùráánì wọn sínú àpò awọ tí àwọn Haúsá ń pè ní gafaka. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó bá awọ nínú ọjà tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun aṣálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú awọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní awọ Mòrókò, Kánò àti Sókótó ni ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹko.

Èso igi tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ni àwọn ará Kánò fi ń ṣe awọ. Irú awọ bẹ́ẹ̀, tí a fi èso tàbí èèpo igi ṣe, ni ó dára fún iná. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí a ti gé e: àwọ̀ ilẹ̀ ni yóò ní títí dé inú. Bí ẹ bá kán omi sí i, omi á wọlé, ojú ibẹ̀ á sì dúdú díẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá jọ búlúù tàbí eérú, iyọ̀ kúrómíọ̀mù ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má fi iná kàn án o! Bí iyọ̀ yìí bá gbóná, ó lè yí padà di oríṣi tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Awọ tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà náà kò dára.

Nígbà tí ẹ bá rí awọ tó dára, ẹ ṣí ìwé sílẹ̀, ẹ wọn ojú méjèèjì àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un yíká kí ẹ tó gé e. Ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì yàwòrán sórí awọ, nítorí kì í parẹ́ dáadáa. Orí bébà ni kí ẹ yà á sí. Ẹ fi omi díẹ̀ pa awọ lára, ẹ tẹ́ bébà lé e, ẹ fi ohun tí kò mú tọ ojú ìlà náà, kí ẹ sì jẹ́ kí awọ gbẹ kí iná tó kàn án. Ìlà, ìràwọ̀ àti onígun mẹ́ta ni ó rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ Ọlọ́run sí i, nítorí ìwé ètò-ọjọ́ kò ní ibi tí kì í dé.

Ìta gbangba ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ fi nǹkan bo imú, kí atẹ́gùn sì máa gbé èéfín kúrò lójú yín. Irin oníná tó ṣeé dín kù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru kékeré. Ẹ dán an wò lórí àjákù awọ ná. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa rìn jẹ́jẹ́ láìdúró, nítorí ibi tí ọwọ́ bá dúró, ibẹ̀ ni yóò jó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dúdú sí i, ẹ tún un tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má fi ooru kún un. Ooru àpọ̀jù a máa mú kí awọ súnkì, kí ó sì sán. Bí iná ìjọba bá lọ, ẹ yọ irin náà lára ògiri lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti dìde, irin á gbóná, ọmọdé á sì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó bá parí, ẹ nu eérú kúrò, ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa á, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn.

Ìwé tuntun ìyàwó mi ti wà nínú èèpo awọ báyìí, orúkọ ìyá ọjọ́sí ni ó sì kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀. Ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ ni mo yà sí i. Ọwọ́ mi dúró ní igun kan, ibẹ̀ sì dúdú ju ìyókù lọ. Mo ní kí n ṣe òmíràn, ìyàwó mi kò gbà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun yóò fi dá ìwé òun mọ̀.