Mykonos: Àlejò ń jó mọ́jú, olùkọ́ ò rílé gbà

Ẹni tó bá fẹ́ràn fàájì, tówó sì wà lápò ẹ̀, tí kì í tètè sùn lálẹ́, Mykonos ni kó forí lé. Erékùṣù kan ni, lórílẹ̀-èdè Gíríìsì, láàrin òkun Aegean. Kò tóbi rárá, àwọn tó ń gbébẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ò ju bíi 10,000 lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kẹfà, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àfi bíi ẹni pé wọ́n tú gbogbo ayé síbẹ̀.

Láti Athens, èbúté Piraeus ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó ń sáré máa ń lò tó wákàtí mẹ́ta, èyí tó ń rọra lọ a máa lò tó márùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ti Nàìjíríà lọ, físà Schengen lẹ máa kọ́kọ́ gbà. Láti ọdún 2024, owó ìwé nìkan ti di 90 Yúrò, tí wọn ò bá sì fún yín ní físà, owó ti lọ nìyẹn o.

Ilé funfun báláú ló kún ìgboro wọn. Òpópónà ibẹ̀ tóóró, ó ń lọ́ kiri, wọ́n ní torí àtida àwọn ajalèlókun lọ́nà rú ni. Lórí òkè, àwọn ọlọ ńlá tí atẹ́gùn ń yí láyé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀hún, meltemi, kì í ṣẹgbẹ́ ẹ, tó bá bínú tán, ọkọ̀ ojú omi ò ní í gbéra. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹyẹ òfú kan tó gbajúmọ̀, Petros lorúkọ ẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 1985, wọ́n fi òmíì rọ́pò ẹ̀.

Ẹyẹ ò sanwó ilé. Àwọn èèyàn ni wàhálà ń bá. Tí olówó bá ń jó ní etíkun Paradise títí ilẹ̀ fi mọ́, tó ń san ju 100 Yúrò lọ níbòmíì nítorí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ẹ́ fi yáàrùn, ta ni onílé máa fi yàrá sílẹ̀ fún, ṣé òun ni àbí nọ́ọ̀sì? Ọ̀pọ̀ onílé máa ń gba ayálégbé nígbà òtútù, tí ooru bá dé, wọ́n á ní kó kẹ́rù ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé, fàájì ò sì tí ì parí nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni ìyà àwọn olùkọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ọtí kiri náà, àwọn míì ń sùn bí ẹja inú agolo, àwọn míì wà nínú kọ̀ntẹ́nà.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ti kọjá ẹjọ́ ẹnu. Ní oṣù kẹta, ọdún 2023, wọ́n lu òṣìṣẹ́ ìjọba kan bolẹ̀ nígboro Athens, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti má jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sórí ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé ní Mykonos. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, ìlú tí wọ́n ti ń na ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ti ń ta ara ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 2023 yẹn náà làwọn ará Paros, erékùṣù tí kò jìnnà síbẹ̀, kó táwẹ́ẹ̀lì dání, wọ́n tú sétíkun, wọ́n ní ti gbogbo ìlú ni. Òótọ́ sì ni, òfin Gíríìsì ò jẹ́ kẹ́nì kan dá etíkun ní. Ìjọba gbé òfin tuntun jáde lọ́dún 2024 láti dín bẹ́ẹ̀dì àti agboòrùn kù. Nígbà tó di oṣù keje, ọdún 2025, wọ́n gbé 20 Yúrò lé ẹnikẹ́ni tó bá fi ọkọ̀ òkun ńlá dé Mykonos lásìkò ooru.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ẹ́ lọ, kó jẹ́ kí oṣù kẹsàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Omi òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ nígbà yẹn, yàrá sì ti wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì yín dání, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí kò sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sanwó fún ẹnì kankan.