Mọ́dábọ́ọ̀dù kékeré fún géèmù àtijọ́: bí mo ṣe kọ́ ọ, bí mo ṣe dán an wò

Ṣé ẹ ti gbìyànjú rí láti gbé géèmù tí wọ́n ṣe ní 1990 sórí kọ̀ǹpútà tó yára jù ú lọ? Ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ó lè má ṣí rárá. Ó sì lè ṣí, kó wá máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Wing Commander, tó jáde ní 1990, wà lára àwọn tí wọ́n fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ: lórí 486 tó yára, ọ̀tá á ti yìnbọn lù yín tán kí ẹ tó mọ ibi tó gbà wọlé. Géèmù yẹn ò bàjẹ́ o. Kọ̀ǹpútà náà ò bàjẹ́. Wọn ò kàn jọ ń ka àkókò bákan náà mọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù kékeré kan fúnra mi. Ìbú rẹ̀ àti òòró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Mini-ITX, nítorí náà ó wọ inú àpótí kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń tà lónìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lórí ẹ̀, bí mo ṣe dán an wò, àti bí mo ṣe mú IC kan tí orúkọ ara rẹ̀ ń parọ́.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà òde òní ò tó?

IBM PC àkọ́kọ́, tó jáde ní 1981, ní CPU tí wọ́n ń pè ní 8088. 4.77 MHz ló fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé aago inú rẹ̀ ń lù ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 4.7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn jọ ń sáré bákan náà. Nítorí náà, tí ẹni tó ń kọ géèmù bá fẹ́ kí nǹkan dúró díẹ̀, ó lè ní kí CPU ka 1 dé 1,000 lásán. Lójú ẹ̀, kíkà yẹn ni aago. Ẹ wá gbé irú géèmù bẹ́ẹ̀ sórí CPU tó yára ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún: ó ti kà á tán kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Nígbà mìíràn, eré àsápajúdé yìí máa ń pa ètò náà pátápátá. Àwọn ètò kan tí wọ́n fi Turbo Pascal kọ máa ń kọ́kọ́ wọn bí CPU ṣe yára tó. Tí CPU bá yára jù, iye tó jáde á tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ, ètò náà á sì kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "Runtime error 200".

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Géèmù àtijọ́ kì í bẹ Windows pé kó bá òun lu orin. Fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn káàdì ohùn, ó sì mọ nọ́ńbà ilẹ̀kùn náà: 388h ni ti AdLib, 220h ni Sound Blaster sábà máa ń lò. Inú ihò ISA ni wọ́n ń ki àwọn káàdì yẹn sí, mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà fún wa nílé lónìí ò sì ní ihò ISA mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Ṣebí DOSBox wà?" Ó wà lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ṣeré ni, ẹ lọ gbé DOSBox. Ṣùgbọ́n DOSBox ń ṣàfarawé kọ̀ǹpútà náà ni, èmi sì fẹ́ mọ bí kọ̀ǹpútà náà gan-an ṣe ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù 286 àti 386 ló ní bátìrì kékeré tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ara wọn. Tó bá di ọdún mélòó kan, bátìrì yẹn á jò, omi rẹ̀ á sì jẹ àwọn ojú ọ̀nà bàbà tó wà nítòsí. Tí a ò bá kọ́ tuntun, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ò ní rí ojúlówó tó ń ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà

Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Xi 8088 àti Micro 8088 jẹ́ bọ́ọ̀dù tí àwòrán wọn wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan. KiCad, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi ya tèmi. Àwọn ohun pàtàkì tó wà lórí rẹ̀ nìyí:

- CPU: NEC V20. Ẹsẹ̀ 40 ló ní, ó sì wọ ihò 8088 láìyí ohunkóhun padà. Ó tún yára jù ú lọ díẹ̀.
- FE2010A: IC kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ IC ń ṣe lórí IBM PC. Òun ló ń pín aago, òun ló ń gba ìkésíni kíbọ́ọ̀dù, òun ló ń darí àwọn ihò ISA.
- RAM: IC 2, kọ̀ọ̀kan 512 KB.
- ROM tí BIOS wà nínú ẹ̀, àti ihò CompactFlash dípò hard disk.
- YM3812: IC orin tó wà lórí káàdì AdLib ti 1987 àti Sound Blaster ti 1989. Ohùn 9 ló lè lù lẹ́ẹ̀kan náà. Orí bọ́ọ̀dù gan-an ni mo gbé e sí.
- Ihò ISA 2, ọ̀kan fún káàdì VGA, èkejì fún ohunkóhun tó bá wù mí.

RAM ló jẹ́ kí bọ́ọ̀dù náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Lórí IBM XT, kí ẹ tó ní 640 KB, IC RAM 36 ló máa ń tò sórí bọ́ọ̀dù. Irú RAM yẹn tún jẹ́ onígbàgbé: kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti rán an létí ohun tó wà nínú ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti lọ. SRAM tí mo lò kì í gbàgbé níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà lára ẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò lo ju IC 2 lọ? Wáyà àdírẹ́sì 20 ni V20 ní. Wáyà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1, nítorí náà nọ́ńbà ilé tó lè pè jẹ́ 2 lọ́nà 20, ìyẹn 1,048,576. Ìyẹn ni 1 MB, kò lè rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. 640 KB tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti àwọn ètò, ìyókù lókè jẹ́ ti àwòrán ojú iboju, ti àwọn káàdì, àti ti BIOS.

Crystal kan, iṣẹ́ mẹ́rin

Apá yìí ló dùn mọ́ mi jù. Nínú ẹgbẹ́ onílù, ìyáàlù lè máa sọ̀rọ̀, omele lè máa dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ìlù mú kó má yẹ̀. Lórí bọ́ọ̀dù mi, crystal kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. 28.63636 MHz ló ń lù, gbogbo yòókù sì ń pín nínú rẹ̀:

- Pín in sí 6, ẹ rí 4.77 MHz. Eré CPU IBM PC nìyẹn.
- Pín in sí 3, ẹ rí 9.54 MHz. Eré "turbo" nìyẹn.
- Pín in sí 8, ẹ rí 3.579545 MHz. YM3812 ń lu orin pẹ̀lú ìyẹn.
- Pín in sí 24, ẹ rí 1.193182 MHz. Ti timer nìyẹn.

Nọ́ńbà yìí rí wúruwùru, àbí? Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ló fà á. 3.579545 MHz ni àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n wọn ń lò. IBM fẹ́ kí káàdì CGA lè bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀, wọ́n sì mú crystal tó jẹ́ ìlọ́po 4 rẹ̀, 14.31818 MHz. Tèmi wá jẹ́ ìlọ́po 2 ti IBM.

Timer yẹn ló ń mú kí kọ̀ǹpútà mọ aago. Ó ń ka 65,536 kó tó kan CPU léjìká, nítorí náà ó ń kàn án ní ìgbà 18.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun náà ló ń fún sípíkà kékeré ní ohùn. Tí ẹ bá fẹ́ ohùn 440 Hz, ẹ pín 1,193,182 sí 440, ẹ ó rí 2,712 tàbí nítòsí ẹ̀. Ẹ fún timer ní nọ́ńbà yẹn, sípíkà á dún.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe pàtàkì: tí mo bá tẹ bọ́tìnnì turbo, eré CPU nìkan ló yí padà. Timer ò yí, orin ò yí. Géèmù tó ń gbọ́ràn sí timer lẹ́nu á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Èyí tó ń fi kíkà lásán díwọ̀n àkókò ló máa sáré, fún ìyẹn, mo kàn á dá CPU padà sí 4.77. Ìdí tí bọ́tìnnì turbo fi wà lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe dán an wò

Ẹ má ṣe to gbogbo IC sórí bọ́ọ̀dù tuntun kí ẹ wá tan iná sí i. Ìpele ìpele ni:

1. Láìsí IC kankan, mo fi mítà wọ̀n àárín 5 V àti ground. Tí méjèèjì bá fara kan ara wọn níbì kan, ibí ni ẹ ti máa mọ̀, kí ohunkóhun tó jó.
2. Mo tan iná, ṣùgbọ́n àwọn ihò ṣì ṣófo. Mo wọ̀n ihò kọ̀ọ̀kan: iná gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 V sí 5.25 V.
3. Mo ki FE2010A, mo fi oscilloscope wo aago: ṣé 4.77 MHz ń jáde lóòótọ́?
4. Mo ki CPU àti ROM. Gbàrà tí 8088 tàbí V20 bá jí, àdírẹ́sì FFFF0h ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni BIOS gbọ́dọ̀ ti dúró dè é. BIOS mi ń kọ nọ́ńbà sí port 80h bó ṣe ń parí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, káàdì kékeré kan nínú ihò ISA sì ń fi nọ́ńbà náà hàn. Tó bá dúró lójijì, mo mọ ibi tó kú sí.
5. RAM. Mo kọ 55h síbi gbogbo, mo kà á padà, lẹ́yìn náà AAh. 55h jẹ́ 01010101, AAh jẹ́ 10101010, nítorí náà wáyà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kò lè fara pamọ́.
6. Orin. YM3812 ní timer kékeré tirẹ̀. Géèmù á tan timer náà, á dúró fún ó kéré tán ìdá 80 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, á wá wò ó bóyá ó ti gbé àsíá sókè. Tó bá gbé e, káàdì wà. Lórí kọ̀ǹpútà tó yára jù, ìdúró yẹn lè kúrú jù, géèmù á sì sọ pé kò sí káàdì nígbà tí káàdì wà níbẹ̀.

IC tó ń parọ́

Ní 4.77 MHz, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Wákàtí 6 ni mo fi í sílẹ̀, kò mi. Ní 9.54 MHz, bí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá, ó dì gbagidi. Tí mo bá pa á kó tutù, á tún ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ta ni ká fura sí? Mo kọ́kọ́ ṣírò RAM. Ní 9.54 MHz, ìlù kan jẹ́ nanosecond 105, V20 sì ń lo ìlù 4 láti ka mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn nǹkan bí nanosecond 419. RAM mi ń dáhùn láàárín nanosecond 55. Àyè pọ̀ fún un, kì í ṣe òun. Orin ńkọ́? Aago rẹ̀ ò yí padà nígbà tí mo tẹ turbo, òun náà bọ́. Ó ku CPU.

IC tó bá gbóná máa ń lọ́ra. Nítorí náà mo gbé fáànù kékeré síwájú CPU: ìṣẹ́jú 10 di 25. Mo yọ ọ́, mo ki V20 mìíràn tí mo tú lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tí wọ́n kọ 10 MHz sí lára. Láti àárọ̀ di alẹ́, kò dì. Mo wá fi òwú tó ní acetone, irú èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nu orí èyí àkọ́kọ́. 10 MHz tí wọ́n kọ sí i bá òwú jáde pẹ̀lú àwọ̀ dúdú, ojú ibi tí wọ́n ti fi sáńdípépà fá orúkọ àtijọ́ sì hàn kedere. Wọ́n ti mú CPU tó lọ́ra, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun, wọ́n tà á lówó gọbọi. Láti ọjọ́ náà, kò sí IC àtijọ́ tó ń wọ bọ́ọ̀dù mi láìkọ́kọ́ bá acetone pàdé.

Géèmù wá ńkọ́?

Alley Cat (1984) dára gan-an ní 4.77, sípíkà kékeré náà sì ń ké bó ṣe yẹ kó ké. King's Quest IV (1988), ọ̀kan lára àwọn géèmù àkọ́kọ́ tó lo káàdì ohùn, rí YM3812 mi lójú ẹsẹ̀. Prince of Persia ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ ní 4.77, ṣùgbọ́n ní 9.54 ó fò, ó rọ̀ mọ́ ògiri, ó tún gùn ún láìsí wàhálà. Doom (1993) ò ní ṣí rárá, nítorí 386 ló kéré jù tó ń béèrè. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣeré níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn kẹ́ ẹ tó ra IC kan.

Tó bá ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ ṣe irú ẹ̀, ẹ fi àwòrán Micro 8088 bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé wáyà kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ CPU dé ibi tó parí sí, kẹ́ ẹ béèrè pé kí ló ń gbé. Lọ́la, ẹ mú òmíràn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ní ohun tó pọ̀ ju ohun tí ọpọlọ ẹnì kan lè gbà tán. Kọ̀ǹpútà yìí kò rí bẹ́ẹ̀: látorí crystal dé orí ohùn tó ń jáde, ẹ lè mọ gbogbo rẹ̀.