Ọwọ́ tó ń Kàwé: Iṣẹ́ Ọnà tó Jẹyọ láti inú Lítíréṣọ̀ àti Àǹfààní rẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ìwé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ìbéèrè tó ṣeé ṣe kí wọ́n bi wọ́n lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Bẹ́ẹ̀, ìwé ní ara. Ó ní èèpo, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ojú-ewé tí ọwọ́ ń ṣí, ó sì lè ní àwòrán. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan wà tó jẹ́ pé ìtàn inú ìwé tàbí ara ìwé gan-an ni wọ́n fi ń dá ọnà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú àpẹẹrẹ Bruce Onobrakpeya àti Yinka Shonibare. Èrò wa ni pé òǹkàwé ni irú oníṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, tó ń fi ọwọ́ sọ ìtumọ̀ tí ó rí nínú ohun tí ó kà. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó máa fi wọn iṣẹ́ wọn: ṣé iṣẹ́ náà dá wa padà sínú ọ̀rọ̀, àbí ó gba ipò ọ̀rọ̀?

Àpẹẹrẹ láti Ilẹ̀ Yewa

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti Ìlarò àti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, títí lọ sí Kétu ní òdìkejì ẹnubodè ní orílẹ̀-èdè Benin, a mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin ní òru. A yin ẹni tí ìyìn yẹ, a sì bu ẹnu àtẹ́ lu oníwà ìbàjẹ́. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a sì tẹ̀ lé e ní ọ̀sán. Ní ìsàlẹ̀ ère tí eléré gbé sórí, ojú ènìyàn tó tutù pẹ̀sẹ̀ ni a ó rí. Lókè rẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ẹyẹ, ejò, oníṣòwò, kódà ó lè gbẹ́ alùpùpù. Duga ará Ìmẹ̀kọ, tí onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà William Bascom kọ nípa rẹ̀ ní 1973, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ iṣẹ́ igi gbígbẹ́ dunjú ní agbègbè yìí. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà tó ta yọ ní àgbáyé.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún àròjinlẹ̀ wa ni pé lítíréṣọ̀ alohùn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyí dúró lé. Ẹni tí kò mọ òwe tí agbẹ́gilére ní lọ́kàn lè rí ejò àti ẹyẹ, kó má sì rí ìtumọ̀ wọn. Ère náà á wá mú kí ọmọdé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà. Báyìí ni igi ṣe ń dá ènìyàn padà sínú ọ̀rọ̀.

Bruce Onobrakpeya àti Ìtàn Fágúnwà

Ọmọ Urhobo ni Bruce Onobrakpeya. Wọ́n bí i ní 1932 ní Agbarha-Otor, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó sì kópa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ Mbari ṣètò ní Ìbàdàn àti Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Olùkọ́ bíi tiwa ni, nítorí ó kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's College, Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣòro tó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fágúnwà sọ fún wa pé ojú mẹ́rìndínlógún ni Àgbákò ní, tí wọ́n yí orí rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ lè ka ojú mẹ́rìndínlógún ní ẹ̀ẹ̀kan. Etí gbọ́ ọ, ọkàn sì gbà á. Ṣùgbọ́n ayàwòrán gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan yóò wà, èwo la ó rí, èwo ni yóò pamọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ìpinnu wọ̀nyí jẹ́ ìtúpalẹ̀ lítíréṣọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi gbólóhùn kan gbé e kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwòrán kò lè dé ni ọ̀rọ̀ ti ń bá a lọ.

Ohun mìíràn tún wà. Àwòrán títẹ̀ wà lára iṣẹ́ tí Onobrakpeya mọ̀ jù lọ. A ó ha àwòrán sára irin pẹlẹbẹ, ásíìdì yóò jẹ ojú ibi tí a ha, a ó fi tàdáwà kùn ún, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ bébà mọ́ ọn. Ní 1967, ásíìdì ba irin kan jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sọ ọ́ nù. Ó fi gọ́ọ̀mù líle tún un ṣe. Nínú àṣìṣe yìí ló ti rí ọ̀nà tuntun tó ń mú kí àwòrán yọ sókè lójú bébà, débi pé ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lára. Bébà kúrò ní ohun tí ojú nìkan ń kà.

Yinka Shonibare: Ìwé tó Wọ Àǹkárá

Bí Onobrakpeya ṣe mú ìtàn inú ìwé, ara ìwé ni Yinka Shonibare mú ní tirẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1962, Èkó ló sì gbé dàgbà. Ní 2014, ó ṣe àfihàn iṣẹ́ kan tó pè ní The British Library ní ìlú Brighton. Ìwé 6,328 ló fi aṣọ àǹkárá bò, tó tò sórí pẹpẹ. Ó fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn: orúkọ àwọn tó ṣí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí òbí wọn ṣí wá, àti ti àwọn kan tó tako irú ìṣíkiri bẹ́ẹ̀. Kò kọ orúkọ kankan sẹ́yìn àwọn mìíràn.

Àwa ará ẹnubodè kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ àǹkárá fún wa. A ń rí i lọ́jà, a sì mọ̀ pé ẹrù tó ń kọjá láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ni. Àwọn ará Họ́láàńdì ló fara wé aṣọ alábẹ́là ti Indonesia, tí wọ́n ń tà á fún wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a sì wá sọ ọ́ di tiwa. Aṣọ tó ti rìnrìn àjò ni Shonibare fi wọ ìwé àwọn tó rìnrìn àjò. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ìwé náà ni òǹwòran ń kà, kì í ṣe inú wọn. Níhìn-ín, ara ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò ọ̀rọ̀. Kò ba iṣẹ́ Shonibare jẹ́, nítorí ìtàn ìṣíkiri ni ó fẹ́ sọ. Ìkìlọ̀ ni fún olùkọ́ tó bá fẹ́ fara wé e.

Ohun tó Kan Olùkọ́

Ewu tó dojú kọ lítíréṣọ̀ Yorùbá nínú kíláàsì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè há àkékúrú ìtàn sórí, kó yege, láìṣí ìwé náà rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe ìrànwọ́, bí a bá tọ́ ọ sọ́nà. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ka àyọkà kan sókè. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí òǹkọ̀wé sọ àti ohun tí kò sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ká bébà, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán an, kí wọ́n fi páálí ṣe èèpo, kí wọ́n sì fi àjákù àǹkárá láti ọ̀dọ̀ aránṣọ bò ó. Lẹ́ẹ̀ tí a fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sè tó láti lẹ̀ ẹ́. Inú ìwé yìí ni wọn yóò ya àwòrán sí.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dìde, kó tọ́ka sí gbólóhùn tó mú un ya ohun tó yà. Èyí tí kò bá rí gbólóhùn tọ́ka sí, kó padà lọ kàwé. Ibi tí a ó ti fún un ní máàkì nìyẹn, kì í ṣe bí àwòrán ṣe lẹ́wà tó.

Àsọkágbá

A ti ṣàlàyé pé agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Onobrakpeya àti Shonibare jẹ́ òǹkàwé tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, àti pé iye tí iṣẹ́ irú wọn ní fún kíláàsì lítíréṣọ̀ wà nínú bí ó ṣe ń dá wa padà sínú ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ronú lórí ibi tí ojú kẹrìndínlógún Àgbákò yóò wà ti ka Fágúnwà. Ẹni tó há orúkọ Àgbákò sórí nìkan kò tí ì kà á.