Títẹ ojú irin àwòṣe

Títẹ ojú irin àwòṣe ni iṣẹ́ sísọ ojú irin rírọ̀ di ìtẹ̀ tí kò ní igun, kí ọkọ̀ ojú irin àwòṣe lè gba orí rẹ̀ kọjá láì yẹ̀ kúrò. Ojú irin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 91, pẹ̀lú irin méjì lórí ìdábùú oníke.

Bí a bá tẹ̀ ẹ́, irin inú yóò yọ ní ìpẹ̀kun, nítorí pé ọ̀nà inú ìtẹ̀ kúrú ju ti òde lọ. Lórí ojú irin tí ó fẹ̀ ní mílímítà 16.5, ìtẹ̀ onígun 90° yóò mú kí ó yọ ju mílímítà 25 lọ, yálà ìtẹ̀ náà gbòòrò tàbí ó há. Èyí tí ó yọ ni a ń gé. Oríkèé tí ó bọ́ sí àárín ìtẹ̀ ni ó sábà máa ń di igun. Nítorí náà, a máa ń fi òjé jó o pọ̀ nígbà tí irin ṣì tọ́, kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tí ó fẹ́ ṣe àwòṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ìwọ̀n méjì ni ó wà. Ti ọdún 1901 fẹ̀ ní mílímítà 1067; ti ọdún 2021 fẹ̀ ní 1435. Bí a bá pín wọn sí ọ̀nà 87, wọ́n di nǹkan bí mílímítà 12 àti 16.5.