Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbé ní Abúlé Ìsàlẹ̀ Odò Wẹ́mẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún, òjò a máa sinmi díẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin. Àkókò yẹn gan-an ni omi máa ń gun àkàbà ilé ní àwọn abúlé ìsàlẹ̀ odò Wẹ́mẹ̀, láti Bonou dé Adjohoun, Dangbo àti Aguégués lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Àlejò lè wo ojú ọ̀run títí, kó má rí ohun tó fa ìkún omi náà. Òjò ọ̀hún ti rọ̀ níbòmíràn.

Òkè Tanéka ní àríwá ni odò yìí ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ èdè ilé. Odò Okpara àti odò Zou wá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì rin nǹkan bí 500 kìlómítà kó tó já sí adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni àríwá ní, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Gbogbo omi yẹn ló ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kọjá Bonou, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, odò ò rí ọ̀nà sáré mọ́. Ó kún bo bèbè rẹ̀, ó tàn ká pápá. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń ga jù. Tó bá di ìkọkànlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni àwọn ará Wẹ́mẹ̀ àti Tòfín, ìbátan àwọn Ègùn tí a mọ̀ dáadáa ní Àgbádárìgì. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ nípa abúlé wọn ni pé ilẹ̀ kan náà ni odò, òun náà ni oko, òfin ìgbà omi sì yàtọ̀ sí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí omi bá bo pápá, kò sí ààlà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ lè wà á lọ síbi tó wù ú, kó ju àwọ̀n, kó dẹ ìgèrè, kó ta ìwọ̀. Nígbà tí omi bá fà, ààlà á tún yọ, kálukú á sì padà sí ìdí ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Lára ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ ni whedo. Yàrà ni, tí wọ́n gbẹ́ sínú pápá, tóóró ní ìbú ṣùgbọ́n tó gùn, òmíràn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ọkọ́ àti agbára apá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ tó le ni, nítorí náà ẹni tó bá ní i kì í fi ṣeré. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nígbà ìkún omi, ẹja á jáde kúrò nínú odò, á lọ yé ẹyin sí àárín koríko tí omi bò, níbi tí oúnjẹ ti pọ̀ fún àwọn ọmọ ẹja. Bí omi bá ń fà, ẹja á máa wá ibi tó jìn sá sí. Àwọn kan á bá omi padà sódò. Àwọn yòókù á kó sínú yàrà, omi pápá á gbẹ lẹ́yìn wọn, wọn ò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ẹni tó ni yàrà kì í yára kó wọn. Ó ń dúró di ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, nígbà tí omi yàrà bá ti sọ̀ tí ẹja sì ti wọ́n lójú ọjà. Lọ́jọ́ náà, ẹbí àti aládùúgbò á kọ́kọ́ fa koríko ojú omi kúrò, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ń sá sí. Wọn á wá ti àwọ̀n láti ìkángun kan lọ sí ìkejì, títí ẹja á fi pọ̀ lórí ara wọn ní igun kan. Àrọ̀ ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, ìdí sì wà fún un: afẹ́fẹ́ kì í tó nínú omi tó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n àrọ̀ lè yọ sókè wá mí. Ẹja tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti kú tipẹ́. Mo ka ọgbọ́n yìí sí ọ̀kan lára èyí tó jinlẹ̀ jù tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ ẹja. Kò gba oúnjẹ ẹja, kò gba ẹ̀rọ. Ìkún omi ló ń gbé ẹja wá.

Ìkún omi kan náà ló ń fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ lórí pápá. Àkùrọ̀ ibẹ̀ kò nílò ajílẹ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ ń tẹ̀lé omi ni: ibi tó ga ló ń kọ́kọ́ gbin, tó bá di pé ibi tó rẹlẹ̀ náà yọ, á sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, tòmátò àti ata ni wọ́n ń gbìn, ata ní pàtàkì. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú whedo ń di ebè lẹ́bàá rẹ̀, omi inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń bù wọ́n ọ̀gbìn. Ẹ̀rù àgbẹ̀ ni kí omi tún dé kí àgbàdo tó gbó. Ìjà pẹ̀lú àwọn darandaran tó ń da màlúù wá jẹ koríko ní ẹ̀ẹ̀rùn tún wà níbẹ̀. Koríko tútù ò sí níbòmíràn nígbà yẹn.

Ọwọ́ àwọn obìnrin ni owó ń gbà kọjá. Àwọn ló ń yan ẹja lórí ààrò, àwọn ló ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà Azowlissè tàbí Àjàṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, alájàpá ló ń yá apẹja lówó àwọ̀n. Apẹja náà á sì máa ta ẹja rẹ̀ fún un títí yóò fi san án tán. Gbèsè ni, àjọṣe sì ni pẹ̀lú. Ní ti ilé, orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ wọn wà, wọ́n fi ọparun ṣe ògiri, wọ́n fi koríko tàbí páànù bo òrùlé. Ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ náà ní pèpéle tiwọn tí wọ́n ń gbé wọn gùn bí omi bá dé.



Omi náà ń ṣe ìpalára, n kò ní fi pa mọ́. Ìkún omi 2010 ba ilé, oko àti ilé ìwé jẹ́ ní gbogbo àfonífojì yìí. Omi mímu tó mọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àìsàn onígbáméjì sì ń tìdí ẹ̀ wá. Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìmọ̀ràn yẹn bí mi nínú, nítorí ẹni tó bá kó wọn kúrò níbi ìkún omi ti gba oko, ẹja àti ogún bàbá wọn. Ohun tí wọ́n nílò kò tó bẹ́ẹ̀: kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sórí ibi gíga, kí wọ́n kọ́ ilé ìwé sórí òpó bíi ti ilé, kí wọ́n sì máa tètè gbọ́ ìròyìn omi. Wọ́n ń wọn gíga odò náà ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Bonou. Omi tó kọjá ní Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì ní ọ̀nà láti rìn kó tó dé Aguégués. Tí ẹni tó ń wọn ọ́n bá fi fóònù pe olórí abúlé ní ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọn á ráyè ya àgbàdo tó ti gbó, wọn á sì gbé ewúrẹ́ gun pèpéle.