Bàbá òǹkọ̀wé ta ìtàn rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, géèmù tí wọ́n fi ṣe ta ju mílíọ̀nù 50 lọ

Ká ní àgbàlagbà kan kọ ìtàn nípa ọdẹ tó ń pa ànjọ̀nú, tí àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ta géèmù orí kọ̀ǹpútà sì wá bá a pé àwọn fẹ́ fi ìtàn náà ṣe géèmù tiwọn. Wọ́n ní kó yan ọ̀kan nínú méjì: yálà kó gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, tàbí kó máa gba ìpín tirẹ̀ nínú èrè tó bá wọlé lọ́jọ́ iwájú. Èwo ni ẹ̀yin òǹkàwé wa ì bá mú?

Andrzej Sapkowski, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Poland tí wọ́n bí lọ́dún 1948, owó ojú ẹsẹ̀ ló mú. Ohun tí àwọn oníròyìn kọ ni pé owó náà kò ju nǹkan bíi 35,000 zloty lọ, zloty yìí sì ni owó tí wọ́n ń ná ní Poland. Lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ tó ra ìtàn náà kéde pé géèmù kan ṣoṣo nínú àwọn tí àwọn fi ṣe, The Witcher 3, ti tà ju mílíọ̀nù 50 ẹ̀dà lọ káàkiri àgbáyé.

Kì í ṣe ìwé kíkọ ni Sapkowski fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láyé. Ètò ọrọ̀ ajé ló kà ní yunifásítì, òwò ilẹ̀ òkèèrè ló sì ń bá àwọn iléeṣẹ́ ṣe. Nígbà tó yá ló kọ ìtàn kékeré kan ránṣẹ́ sí ìdíje tí ìwé ìròyìn Fantastyka ṣe, ipò kẹta ló sì gbà. Geralt lorúkọ ọdẹ inú ìtàn náà. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, wọ́n ti fi oògùn ro ó lágbára láti kékeré kó lè máa kojú ohun tí èèyàn lásán kò lè kojú. Bí ànjọ̀nú bá ń da ìlú kan láàmú, wọn á ránṣẹ́ pe Geralt, wọn á jọ dúnàá-dúrà, yóò pa á, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Olóògbé D.O. Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938 kò ní í ṣàjèjì sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Poland fẹ́ràn rẹ̀ débi pé Sapkowski fi iṣẹ́ òwò sílẹ̀, ó sì di òǹkọ̀wé pátápátá.

Iléeṣẹ́ tó wá bá a ni CD Projekt, tí Marcin Iwiński àti Michał Kiciński dá sílẹ̀ ní Warsaw lọ́dún 1994. Géèmù àwọn ará òkèèrè ni wọ́n ń tà, wọ́n sì gbayì nítorí pé wọ́n máa ń túmọ̀ wọn sí èdè Poland kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Àwọn fúnra wọn kò tíì ṣe géèmù kankan rí. Iléeṣẹ́ mìíràn sì ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ìtàn Geralt ṣe géèmù ṣáájú ọdún 2000, kò sì bọ́ sí i. Ìdí nìyí tí bàbá náà fi gbà pé èrè kankan kò lè jáde níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn lọ́dún 2017 pé wọ́n fi ìpín nínú èrè lọ òun, òun kọ̀ ọ́, òun ní kí wọ́n kó gbogbo owó òun fún òun lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìwà òmùgọ̀ lòun hù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Géèmù àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007, èkejì jáde lọ́dún 2011. Lọ́dún 2011 yìí kan náà ni Donald Tusk, olórí ìjọba Poland nígbà náà, fi géèmù kejì ta Barack Obama lọ́rẹ nígbà tí Ààrẹ Amẹ́ríkà náà ṣàbẹ̀wò sí Warsaw. Nígbà tí Obama padà lọ síbẹ̀ lọ́dún 2014, ó mẹ́nu ba ẹ̀bùn náà. Ó ní òun kò mọ géèmù gbá dáadáa, àmọ́ ó jẹ́ àmì pé Poland ti rọ́wọ́ mú nínú ọrọ̀ ajé tuntun tó ń lọ lágbàáyé.

Ẹ̀kẹta tó wá sọ wọ́n di ìlú-mọ̀ọ́ká jáde ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2015. Mílíọ̀nù 81 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, pẹ̀lú owó ìpolówó. Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé kò sí géèmù mìíràn ju bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ ń tìtorí ẹ̀ sá fún ìwé kíkà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbá a ni yóò di Geralt fúnra rẹ̀. Yóò gun ẹṣin, yóò rin igbó, odò àti abúlé bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ibí ni kó kọ́kọ́ gbà. Ọmọ tó gbà tọ́, Ciri, ló ń wá kiri, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin abàmì kan ń lé ọmọ náà. Ìpinnu tó bá ṣe lójú ọ̀nà ló máa sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè gbàgbé nínú rẹ̀ ni ti balógun kan tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sá kúrò nílé. Ọ̀mùtí ni ọkùnrin náà, ó sì máa ń lu ìyàwó rẹ̀ títí oyún fi bàjẹ́ lára obìnrin náà. Nítorí pé wọn kò sọ ọmọ inú oyún náà lórúkọ, tí wọn kò sì sin ín bó ṣe yẹ, ó di iwin. Ẹni tó ń gbá géèmù lè pa iwin náà. Ó sì lè ní kí balógun gbé e mọ́ra, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó sì sin ín sí ẹnu ọ̀nà ilé, kó lè di ẹ̀mí tí yóò máa ṣọ́ ìdílé náà. Inú ìgbàgbọ́ àtijọ́ àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ti mú un. Àwọn ìyá wa tó mọ ìtàn àbíkú yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọdé.

Báwo wá ni ayé ṣe gbà á? Àwọn tó ń yẹ géèmù wò fún un ní máàkì tó lé ní 90 nínú 100. Ó gba àmì ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù lọ́dún náà níbi ayẹyẹ The Game Awards lóṣù kejìlá ọdún 2015. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó jáde, ó ti tà ju mílíọ̀nù mẹ́rin ẹ̀dà lọ.

Àmọ́ kì í ṣe ìyìn nìkan ló gbà. Àwọn kan bínú pé àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ dán ju èyí tí àwọn rí nígbà tí àwọn rà á. Àwọn mìíràn bèèrè pé kí ló dé tí kò sí aláwọ̀ dúdú kan nínú gbogbo ayé tí wọ́n dá sílẹ̀ yìí. Lọ́dún 2019, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà fẹnu ara wọn gbà pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lórí géèmù ọ̀hún.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2018, agbẹjọ́rò Sapkowski kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n san ó kéré tán 60 mílíọ̀nù zloty sí i. Ohun tí wọ́n dìrọ̀ mọ́ ni abala 44 nínú òfin ilẹ̀ Poland tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Abala náà sọ pé bí owó tí òǹkọ̀wé gbà bá kéré jọjọ sí èrè tí ẹni tó rà á jẹ, ó lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fi kún un. Iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé àdéhùn tó mọ́yán lórí ni àwọn ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ kí àárín àwọn àti ẹni tó kọ ìtàn náà dára.

Kàkà kí wọ́n máa wọ́ ara wọn nílẹ̀, wọ́n jókòó sọ ọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2019, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun. Wọn kò sọ iye tí bàbá náà gbà fáráyé gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fìdí ẹ̀tọ́ iléeṣẹ́ náà múlẹ̀ láti máa lo ìtàn náà lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni fíìmù tí iléeṣẹ́ Netflix fi ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìjà ti parí. Sapkowski tún gbé ìwé tuntun jáde nípa Geralt lọ́dún 2024, lẹ́ni ọdún 76, iléeṣẹ́ náà sì kéde lóṣù kejìlá ọdún yẹn pé Ciri ni yóò jẹ́ olórí nínú géèmù kẹrin tí àwọn ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtàn, orin tàbí ilẹ̀ tí ẹnìkan ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tà, ẹ má fi ebi òní pinnu iye rẹ̀. Òfin ló ṣíjú àánú wo bàbá Poland yìí. Òfin gbogbo ilẹ̀ kọ́ ló ní abala bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀wé, tó sì fẹ́ràn yín, kà á fún yín dé ìsàlẹ̀.